Bí Ọdẹ́jọkẹ́ Ṣe Pa Amòpin Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ sún wá síwájú díẹ̀. Ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́ bíi ti ìgbà tí mo máa ń pe àwọn ajá mi láti orí òkè, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò á máa dá mi lóhùn pé àwọn ń bọ̀. Èmi Ògúndèyí nìyí, ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n méjì ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi tí mo bá ìnàkí olórí méjì jìjàkadì, tí mo sì fi orí kan gbá èkejì. Ìwọ Láníhùn, má rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo pè yín sí lónìí. Ìtàn àbúrò mi obìnrin ni, Ọdẹ́jọkẹ́, ọmọ ìyá mi, ẹni tí ó wọ Igbó Iwin láìmú ìbọn, láìmú àdá, tí ó sì rí ohun tí èmi pẹ̀lú gbogbo agbára mi kò rí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kì í parọ́. Èmi ni mo máa ń fi iyọ̀ kún ọ̀rọ̀ nínú ilé wa.

Láti kékeré ni Ọdẹ́jọkẹ́ ti fẹ́ràn ìṣirò. Bí bàbá wa bá gbé ẹran dé láti oko ọdẹ, kí wọ́n tó fa ọ̀bẹ yọ, ó ti sọ iye tí yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan, kò sì ní í ṣì í. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé abúlé wa, Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, ó ní, “Ọ̀gá, gbogbo ìṣirò tí ẹ fún mi ni mo rí ìdáhùn sí. Ṣé ìbéèrè kan wà tó ní ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán, ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀nà ìṣirò kankan láyé tó lè máa gbé wa débẹ̀ nígbà gbogbo?”

Ọ̀gbẹ́ni Fátókun bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

“Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ́ irú ìyẹn,” ó ní. “Yunifásítì tó wà láàárín Igbó Iwin. Mo ti fẹ́ lọ rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí mo dé etí igbó, ẹ̀rù bà mí, mo sì padà sílé. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

Ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́jọkẹ́ di ẹrù. Èmi ni mo sìn ín dé etí igbó. Mo na ìbọn mi sí i, ìbọn tí mi ò jẹ́ kí ìyàwó mi pàápàá fọwọ́ kàn. Ó wò ó, ó ní, “Bùọ̀dá mi, kí ni mo fẹ́ yìn nínú ìṣirò?” Ó dì mọ́ mi, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọlé lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, mo sì tún dúró díẹ̀ sí i.

Ìlú tí ó kọ́kọ́ bá ni wọ́n ń pè ní Ìlú Aláìrántí. Ẹni tó bá ti wọ ìlú náà, ohun tó mọ̀ kò ju ojú ibi tó dúró sí lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ohun tó wà lẹ́yìn ti parẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé gbogbo: Bí o bá gbọ́ agogo, lọ sí ilé aláwọ̀ pupa. Bí o bá gbọ́ àkùkọ, dúró síbí. Báyìí ni wọ́n ń gbé ayé wọn, kò sì sí ìjà láàárín wọn, torí kò sí ẹni tó rántí pé ẹnì kan ṣẹ òun.

Ọdẹ́jọkẹ́ ka ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kan, ó lọ sí ilé kejì. Ó ka ti ibẹ̀, ó lọ sí ìkẹta. Ti ìkẹta ní kí ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó ń yí wọn ká. Kò mọ iye ọjọ́ tó fi ṣe é. Nígbà tí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ̀rù sì bà á. Àmọ́ bí ó ṣe gbé ẹsẹ̀ sí iwájú, ó gbàgbé ìbẹ̀rù náà.

Ohun tó yọ ọ́ ni ẹkún bàbá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́bàá ọgbà ewúrẹ́.

“Bàbá, kí ló dé?”

“Mo ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀, wọ́n ń jáde. Wọ́n ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo wọn ló wọlé. Mi ò rántí iye tó jáde.”

Ọdẹ́jọkẹ́ yí ojú wo ewúrẹ́, ó tún yí padà. “Bàbá, kí ló dé?”

“Mo ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀…”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá náà sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, bí ojú ti ń ti Ọdẹ́jọkẹ́ fún ohun tí kò mọ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó sì rí ipa ẹsẹ̀ àwọn ewúrẹ́ nínú erùpẹ̀, kedere. Ó pariwo, “Orí wa ló ń gbàgbé! Ilẹ̀ yìí ò gbàgbé nǹkan kan!” Kíá ni ó gbẹ́ ihò tóóró kan sí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ó fi ìka kọ ọ́ sórí ilẹ̀ pé: ewúrẹ́ kan jáde, ju òkúta kan sínú ihò, ewúrẹ́ kan wọlé, yọ òkúta kan kúrò. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tí àwọn ewúrẹ́ wọlé tán, òkúta kan ṣẹ́ kù nínú ihò. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan ń ké nínú oko ẹ̀gẹ́, okùn ti lọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàbá náà sáré lọ, ó tú u, ó gbé e mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá Ọdẹ́jọkẹ́ mọ́ra pẹ̀lú, tí òórùn ewúrẹ́ fi gba gbogbo ara rẹ̀. Kí ó tó gbàgbé, Ọdẹ́jọkẹ́ yọ ìwé rẹ̀, ó kọ “Máa lọ síbi tí oòrùn ń wọ̀” sí ojú ewé gbogbo. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣí ewé kan, ó kà á. Báyìí ló ṣe jáde nínú ìlú náà.

Bí èmi ni, mo ti yìnbọn lu ìlú náà. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló sì dé ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn ìlú náà, ó dé ojú ọ̀nà kan tí wọ́n fi pákó tẹ́. Pákó kọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra lọ sí ọ̀tún, wọ́n tò wọ́n lọ sí òsì, ojú kò sì rí ibi tí wọ́n pin sí. Iwin gíga kan tí ó tínrín bí igi ìṣáná ń rìn lórí wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, ẹfun sì wà nínú rẹ̀. Yóò wo pákó, yóò nu àmì orí rẹ̀ tàbí kí ó kọ òmíràn, yóò sì sún ní ìgbésẹ̀ kan. Ìwé kan so mọ́ ọrùn rẹ̀. Bí Ọdẹ́jọkẹ́ bá fẹ́ kọjá ní ọ̀tún, iwin á wà níbẹ̀; bó bá fẹ́ kọjá ní òsì, iwin á ti débẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá,” Ọdẹ́jọkẹ́ sọ.

“Kò sí nínú ìwé,” iwin náà dáhùn, kò dúró. “Ṣebíatiwí ni orúkọ mi. Mi ò ní ọgbọ́n tèmi. Ohun tí ìwé bá wí ni mò ń ṣe, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan.”

“Iṣẹ́ yín mà kéré o.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń rìn. “Ó kéré? Mú ìṣirò tó le jù tí ọ̀mọ̀wé kankan lè ṣe. Bí o bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí pákó kò sì tán, èmi aláìlọ́gbọ́n yìí á ṣe é fún ọ. Mi ò tíì rí èyí tó kọjá agbára mi. Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí nìkan ló ń dà mí láàmú.”

Ọdẹ́jọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé náà bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìlà kìíní ń rán an sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, ìkẹta sí ìkẹrin, ìkẹrin sì ń dá a padà sí ìkíní.

“Ta ló kọ èyí fún yín?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kánjú. Ó di ogójì ọdún. Ó gbàgbé láti kọ ibi tí màá ti dúró.”

Ọdẹ́jọkẹ́ fa bírò yọ, ó na ọwọ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí òpin ìlà kẹrin: Dúró. Ṣebíatiwí ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Nígbà tí ó ka ìkẹrin, ó jókòó sórí pákó. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ tó ti lọ sí ẹ̀yìn odi tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Ọdẹ́jọkẹ́ bá ń lọ ni Ṣebíatiwí ń lọ.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ yunifásítì. Kí n má fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹwà ibẹ̀: àwọn igi ńlá ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹyẹ ni wọ́n ń pín ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní imú mẹ́ta sì jókòó ti èyí tí kò ní rárá. Olùkọ́ tí wọ́n fi Ọdẹ́jọkẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Onírunewé. Iwin àgbàlagbà ni, ewé tútù ló hù lórí rẹ̀ dípò irun. Bí inú rẹ̀ bá dùn, àwọn ewé náà á máa mì láìsí atẹ́gùn. Bó bá ń ronú, wọ́n á ká jọ.

Nígbà tí Ọdẹ́jọkẹ́ kọ́kọ́ wọlé, ìyá náà wà nílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Kò gbójú sókè.

“Ìwọ tuntun, ka méje wá nínú òkúta yẹn. Pín in fún ẹni méjì.”

“Kò dọ́gba, Ìyá.”

“Fún ẹni mẹ́ta.”

“Kò dọ́gba. Mẹ́rin náà kò dọ́gba. Bí kò bá ṣe pé ẹni méje mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lè dọ́gba.”

“Irú rẹ̀ ni mò ń pè ní olóríkunkun. Márùn-ún jẹ́ olóríkunkun. Mẹ́tàlá náà. Ṣé o rí ogún? Ogún ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ṣùgbọ́n méje àti mẹ́tàlá, àwọn olóríkunkun méjì, ni wọ́n para pọ̀ di ogún. Méjìlá ńkọ́?”

“Márùn-ún àti méje.”

Àwọn ewé orí ìyá náà mì díẹ̀. “Láti mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú mẹ́rin, mo mú mẹ́fà, mo mú mẹ́jọ, mò ń lọ bẹ́ẹ̀, méjì méjì. Gbogbo èyí tí mo mú, olóríkunkun méjì ló bí i. Mò ń wá ẹyọ kan ṣoṣo tí kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i ni iṣẹ́ mi parí.”

“Láti ìgbà wo, Ìyá?”

“Ọgọ́ta ọdún àti mẹ́ta. O ti jẹun?”

Báyìí ni Ọdẹ́jọkẹ́ ṣe di ọmọ rẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, láàárọ̀ ó ń kọ́ nípa ohun tí ẹ̀rọ lè ṣírò àti bí a ṣe ń kọ ìgbésẹ̀ fún irú Ṣebíatiwí. Bó bá di ọ̀sán, ó ń bá ìyá ka òkúta. Bí ọkàn rẹ̀ bá fà sílé, ìyá á ṣe ẹ̀kọ gbígbóná fún un, á sì ní kí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọdẹ fún òun. Ó wù mí kí ẹ mọ̀ pé wọ́n gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀.

Gíwá yunifásítì náà ni iwin kan tí wọ́n ń pè ní Olójúmẹ́ta. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe ìṣirò kan, ó wá rí i nígbẹ̀yìn pé kò lè parí láéláé. Ìyẹn dùn ún wọra. Ló bá fi idẹ kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ga tó ilé alájà méjì, ó sọ ọ́ ní Amòpin. Bí o bá ki ìwé iṣẹ́ rẹ bọ ẹnu rẹ̀, Amòpin á kùn, á sì sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: “Yóò parí” tàbí “Kò ní í parí.” Gíwá wá ṣe òfin pé iṣẹ́ tí Amòpin bá ní kò ní í parí, odò ni kí wọ́n dà á sí, kí wọ́n sì mú ẹni tó ni ín lọ sí Àfonífojì Ìsinmi. Nínú àfonífojì yẹn, ènìyàn á kàn jókòó, kò ní í béèrè nǹkan kan mọ́. Ó ní àánú ni òun ń ṣe wọ́n.

Ní ọdún kẹta, ó kan Ìyá Onírunewé. Wọ́n kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìwé, wọ́n ki ìwé náà bọ ẹnu Amòpin. Ẹ̀rọ náà kùn, ó sì sọ ọ́ lóhùn rara: “Kò ní í parí.”

Ìyá na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀ padà. Àwọn ewé orí rẹ̀ ká jọ, wọn ò sì tú mọ́. Gíwá fúnra rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, a ó sìn yín lọ sinmi.”

“Ta ló sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí?” ìyá bi Ọdẹ́jọkẹ́ nígbà tí wọ́n dé yàrá. Ohùn rẹ̀ kéré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọdẹ́jọkẹ́ gbọ́ kí ohùn rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ọdẹ́jọkẹ́ kò fi jẹun dáadáa. Ó ń rìn yí Amòpin ká, ó ń fọwọ́ pa á lára. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, báwo ni èmi ṣe fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni ẹ̀rọ yìí pa? Bí mo bá ní iṣẹ́ Ìyá yóò parí, n kò ní ẹ̀rí. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró wò ó, títí dìgbà wo? Ní ọjọ́ karùn-ún, bí ó ti ń wo Ṣebíatiwí tó ń tẹ̀lé ìwé tí wọ́n fún un láti gbá ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan là sí i lọ́kàn. Kì í ṣe iṣẹ́ Ìyá ló yẹ kí òun bi Amòpin. Iṣẹ́ tó yẹ kí òun bi í ni èyí tí yóò gbọ́ ìdáhùn Amòpin fúnra rẹ̀, tí yóò sì ṣe òdìkejì.

Ó jókòó, ó kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta. Nígbà tí ó kà á tán, ó tún un kà. Ó pe Ṣebíatiwí.

“Ka ìwé yìí kí o tó gbé e kọ́ ọrùn. Má gbé e kọ́, kàn kà á.”

Ṣebíatiwí kà á, ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Lọ bi Amòpin bóyá ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé yìí yóò parí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kò ní í parí, jókòó lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bó bá ní yóò parí, máa yí pápá ká, má dúró láé.

“Ṣé o rí ìlà kẹta?” Ọdẹ́jọkẹ́ bi í. “Bó bá lọ rí bẹ́ẹ̀, bíi ti orí pákó ni yóò tún rí.”

“Mo rí i.”

“Mi ò lè ní kí o ṣe é. Màá wá ẹlòmíràn.”

“Ẹlòmíràn lè ṣì í ṣe,” Ṣebíatiwí sọ. “Ogójì ọdún ni mo fi rìn lórí pákó, mi ò mọ ìdí. Èyí, mo mọ ìdí rẹ̀. Gbé e kọ́ mi lọ́rùn.”

Gbogbo yunifásítì ló péjọ sí pápá. Gíwá jókòó sórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, torí kò rí ohun tí ìwé onílà mẹ́ta lè ṣe fún ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀. Ṣebíatiwí ki ìwé bọ ẹnu Amòpin. Ẹ̀rọ náà kùn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Kò ní í parí.”

Ṣebíatiwí gba ìwé rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó.

“Ó ti parí!” àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo. “Amòpin ṣì í! Ó ti parí!”

Gíwá dìde. “Ẹ dákẹ́. Nǹkan kan ló yẹ̀ nínú ikùn rẹ̀.” Ó wọ inú ẹ̀rọ lọ, ó fún èyí, ó tú tọ̀hún, ó jáde pẹ̀lú epo lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ẹ tún bi í.”

Wọ́n tún bi í. Amòpin kùn, ó ní, “Yóò parí.”

Ṣebíatiwí gbé ìwé kọ́ ọrùn, ó yíjú wo Ọdẹ́jọkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pápá ká.

“Ó dára,” Gíwá sọ. “Ẹ jẹ́ ká dúró. Yóò parí.”

Wọ́n dúró. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá. Ọjọ́ kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ Ṣebíatiwí là, ẹ̀jẹ̀ iwin, tó rí bí oje igi, ń kán sílẹ̀ níbi tó bá tẹ̀. Ọdẹ́jọkẹ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bu omi sí i lẹ́nu. “Ṣebíatiwí, dúró, ó tó!” Iwin náà ní, “Kò sí nínú ìwé.” Gíwá ṣì jókòó, ó ṣì ń sọ pé ó kù díẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ti sin ajá mẹ́ta lọ́jọ́ kan rí, n ò sunkún. Nígbà tí àbúrò mi ń sọ ibí yìí fún mi, mo jáde lọ síta, mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Gíwá Olójúmẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣebíatiwí, arúgbó rẹ̀ yẹn, ó sì na ọrùn láti ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti fi ojú ara rẹ̀ ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ̀yìn. Amòpin ló ń bá a kà á. Ó ka ìlà kìíní. Ó ka ìkejì. Nígbà tí ó ka ìkẹta, ó dúró gbagidi, ó jẹ́ kí Ṣebíatiwí yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tún bá a níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó sì bọ́ ìwé náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣebíatiwí ṣubú lé Ọdẹ́jọkẹ́ lọ́wọ́.

“Ṣé ẹ rí i, ó ti dúró!” akẹ́kọ̀ọ́ kan ké. “Amòpin sọ òótọ́!”

“A gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni,” Ìyá Onírunewé dá a lóhùn. “Kò parí rẹ̀.”

Gíwá ń mí gúlegúle. “Bó bá ní yóò parí, kò ní í parí. Bó bá ní kò ní í parí, yóò parí. Ohunkóhun tí mo bá kọ́ ọ láti sọ, irọ́ ni.” Ó wo Ọdẹ́jọkẹ́. “Bí mo bá kọ́ òmíràn tó ju èyí lọ ńkọ́?”

“Màá kọ ìwé mìíràn, sà, tí yóò lọ bi èyí tuntun náà.”

“Bí mo bá kọ́ ẹgbẹ̀rún?”

“Kò sí èyí tí n ò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún, sà.” Ọdẹ́jọkẹ́ ń sunkún bó ti ń sọ ọ́, torí ẹsẹ̀ Ṣebíatiwí wà lórí itan rẹ̀. Ìbéèrè tó gbé e kúrò nílé ló rí ìdáhùn sí yẹn, pé kò sí ọ̀nà ìṣirò tó lè sọ nígbà gbogbo bóyá iṣẹ́ kan yóò parí, kò sì sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀ ní wákàtí náà. Omi gbígbóná àti òrí ló ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Gíwá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ó yíjú sí Ìyá Onírunewé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yín ńkọ́? Ṣé yóò parí?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ìgbà wo lẹ máa mọ̀?”

“Bí mo bá rí i, màá mọ̀. Bí mi ò bá tíì rí i, ẹ ó ṣì máa bá mi níbí.”

Gíwá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ẹrù wúwo kalẹ̀ lórí rẹ̀. “Ẹ padà síbi iṣẹ́ yín,” ó ní. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n pa òfin náà rẹ́. Wọn ò fọ́ Amòpin, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé àmọ̀ràn lásán ló ń fúnni. Ewé orí ìyá sì tú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

Ọdẹ́jọkẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó fi Ṣebíatiwí sílẹ̀ kí ó máa bá Ìyá ka òkúta, ó padà wálé. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù, ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ́ ní ìṣirò. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló fi jẹ́ olùkọ́ ní abúlé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, ó ń sọ pé “mi ò mọ̀” pẹ̀lú ẹ̀rín, ojú kì í sì í tì í.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò dá, ó tún di ẹrù. Lẹ́tà rẹ̀ tí ẹyẹ kan gbé wá fún mi ni mo ti mọ èyí tó kù. Ó ti di ìyá arúgbó, orí rẹ̀ ti funfun. Ó gba Ìlú Aláìrántí kọjá, ó gba ojú ọ̀nà pákó kọjá, ó sì dé yàrá tó mọ̀. Ìyá Onírunewé wà nílẹ̀ láàárín òkúta. Ewé orí rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkúta fi ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣebíatiwí ló ń bá a ṣà wọ́n jọ, ọwọ́ kan ò sì tó o.

“Ọmọ ọdẹ,” ìyá sọ, kò gbójú sókè, “o pẹ́.”

“Mo pẹ́, Ìyá.”

“Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ni mo dé. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbìyànjú láti pín in.”

Ọdẹ́jọkẹ́ ká aṣọ rẹ̀ jọ, ó jókòó tì í. Ó ka òkúta náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pín in sí òkìtì méjì, ó wò ó, ó tú u ká, ó tún un pín. Ọ̀sán lọ. Nígbà tí ó yá, ó kó òkìtì kan, ó dán an wò fún ẹni méjì, fún ẹni mẹ́ta, títí lọ, kò dọ́gba. Ó kó òkìtì kejì, òun náà kò dọ́gba.

“Olóríkunkun méjì ni, Ìyá.”

Ewé kan lára mẹ́sàn-án mì.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ìyá sọ. “Fi méjì kún un.”

Ọdẹ́jọkẹ́ na ọwọ́ sínú agbọ̀n, ó mú òkúta méjì, ó fi kún un.

Ibẹ̀ ló wà títí di òní tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Èmi ti sọ̀rọ̀ débi tí mo gbọ́ ọ dé.